Orógbó láàárín Àṣà, Yàrá Àyẹ̀wò àti Ọjà: Ìtàn Ìmọ̀ Kan láti Ògèrè Rẹ́mọ

Ìfáárà

Àwọn ohun kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í ronú pé wọ́n ní ìtàn. Orógbó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó wà nínú àwo ìsọmọlórúkọ, ó wà lórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wà nínú àpò awakọ̀ tí ó ń lọ sí ìrìn àjò jíjìn. Ṣùgbọ́n láti bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, orógbó ti wọ ibi tí àwọn baba ńlá kò bá a dé: inú ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì àti onímọ̀ oògùn, níbi tí wọ́n ti ń pe èròjà inú rẹ̀ ní antioxidant. Ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ di ọ̀rọ̀ ọjà. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára agolo àti páálí, wọ́n sì ń fi í polówó nínú ọkọ̀ èrò. Maca, ohun ọ̀gbìn oní-gbòǹgbò kan láti orí òkè Andes ní ilẹ̀ Peru, ti di ìyẹ̀fun inú ike ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà pẹ̀lú irú ìpolówó kan náà.

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí ìmọ̀ nípa orógbó ṣe rìn láti inú àṣà dé yàrá àyẹ̀wò, àti bí ó ṣe ti yàrá àyẹ̀wò padà sí ẹnu àwọn ará ìlú ní ọdún 2014. Ìlú Ògèrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ni ó fi ṣe ibùdó ìwòye. Ògèrè kì í ṣe ìlú tí yàrá àyẹ̀wò gbajúmọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó wà ní àárín igbó tí obì àti orógbó ti ń so. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tí ó kọ́kọ́ pe egbòogi níjà ní gbangba ti ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú títì tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ọjà àti àhesọ sì ń gba orí rẹ̀ lọ tọ̀sán tòru. Kókó tí iṣẹ́ yìí dì mú ni pé ìtàn orógbó jẹ́ ìtàn bí irú ẹ̀rí tí a ń gbà gbọ́ nípa ìwòsàn ṣe yí padà, àti ìtàn ewu tí ń bẹ nínú kí a má mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rí kan àti èkejì.

Igi náà, orúkọ rẹ̀ àti ìlò rẹ̀

Igi orógbó jẹ́ igi inú igbó kìjikìji. Kì í kánjú rárá. Irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, kí ó tó hù. Ẹni tí ó bá sì gbìn ín lè retí fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fojú kan èso. Nítorí náà, púpọ̀ nínú igi orógbó tí àwọn àgbà ń ká kì í ṣe igi tí wọ́n gbìn bí oko. Igi tí wọ́n bá nínú igbó ni, tàbí èyí tí wọ́n dá sí nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó fún kòkó àti obì.

Àṣìṣe kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ tètè mú kúrò lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún orógbó sọ ọ́ di obì kíkorò, àwọn oníṣòwò Yúróòpù mìíràn sì ń pè é ní obì èké. Àwọn Haúsá pàápàá ń pè é ní namijin goro, èyí tí ó túmọ̀ sí akọ obì. Síbẹ̀, obì àti orógbó kì í ṣe ẹbí. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn wò ó, kòkó ni ìbátan obì. Orógbó wà nínú ìdílé mìíràn tí ó yàtọ̀ pátápátá. Àwọn Yorùbá kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún un, ipò ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi í sí: obì àbàtà láwẹ́, a sì lè fi awẹ́ rẹ̀ dá obì, orógbó kò láwẹ́. Obì jẹ́ èèwọ̀ fún Ṣàngó, orógbó ni a fi ń bọ ọ́.

Nínú òwò náà, ọ̀nà wọn yà. Nígbà tí ojú irin láti Èkó ti dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, ọjà gbánja láti ilẹ̀ Yorùbá sí òkè Ọya gbòòrò gan-an, Ṣàgámù sì di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú òwò obì, tí àwọn Haúsá oníṣòwò fi tẹ̀dó sí Sábó níbẹ̀. Orógbó kò gba irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú òwò ọ̀nà jíjìn. Ohun ilé ló jẹ́ ní pàtàkì, ohun àlejò, ohun ìwúre àti ohun ìtọ́jú ara.

Níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n a máa fi gbólóhùn “gbó” tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ wúre pé kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́. Níbi ìtọ́jú ara, wọ́n ń jẹ ẹ́ fún ikọ́ àti ohùn tí ó há, fún inú rírun, àti gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń pa oró májèlé. Ẹ̀ka àti gbòǹgbò igi náà sì jẹ́ pákò tí a fi ń rin ẹnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi mìíràn ni èyí tí a ń pè ní pákò Ìjẹ̀bú. Ìgbàgbọ́ nípa májèlé yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn jù lọ, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀yà ara tí ń bá májèlé jà, ẹ̀dọ̀ náà sì ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ nígbà tí wọ́n gbé orógbó dé yàrá àyẹ̀wò.

Ògèrè ní ọdún 1930: nígbà tí wọ́n pe egbòogi níjà

Bí ẹnìkan bá rò pé gbogbo ará ìgbà àtijọ́ ni ó gba egbòogi gbọ́ láìjanpata, ìtàn Ògèrè kò ní gbè é. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú tí ó dé Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 pa àwọn ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí oògùn tí ó kápá rẹ̀, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀ ìbáà ṣe ti òyìnbó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàárín ìjọ Áńgílíkà St. Saviour’s, ẹgbẹ́ àdúrà kan tí wọ́n wá ń pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye dìde lábẹ́ Joseph Sadare ní àsìkò náà. Wọ́n kọ oògùn sílẹ̀, àdúrà nìkan ni wọ́n gbára lé.

Ọmọ bíbí Ògèrè ni Josiah Olunowo Oshitelu, tí a bí ní ọdún 1900. Ó jẹ́ olùkọ́ àti katikísì lábẹ́ ìjọ CMS kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran ní ọdún 1925, ìjọ náà sì dá a dúró ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1930, ó dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní Ògèrè. Ààwẹ̀, sáàmù, àdúrà àti omi tí a yà sí mímọ́ ni ohun ìwòsàn ìjọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Egbòogi àti oògùn àwọn babaláwo wà lára ohun tí ó wàásù lòdì sí. Láti ọdún 1937 ni àwọn ọmọ ìjọ ti ń péjọ sí orí òkè ní Ògèrè ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún fún àjọ̀dún Tabieorar, àwọn kan sì ń ti Sàró, Gánà àti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ìjọ tí ó ti Ògèrè ṣẹ̀ yìí di ọmọ ẹgbẹ́ Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní ọdún 1975.

Kí ni èyí kan orógbó? Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé oníṣègùn àti aládùúrà, bí wọ́n ti ń bá ara wọn jà tó, irú ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá dìde, ó jẹ́rìí. Ẹni tí ó mu àgbo tí ikọ́ rẹ̀ sì lọ jẹ́rìí fún oníṣègùn. Ẹni tí ó mu omi àdúrà tí ibà rẹ̀ sì rọlẹ̀ jẹ́rìí nínú ìjọ. Ẹ̀rí báyìí kì í ṣe irọ́. Ohun tí ó ṣaláìní ni ìfiwéra: kò sọ iye àwọn tí ó mu ohun kan náà tí ara wọn kò yá, kò sì sọ iye àwọn tí kò mu nǹkan kan tí ara wọn yá bákan náà. Ikọ́ púpọ̀ ni í lọ fúnra rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò kò wá láti sọ pé àwọn ẹlẹ́rìí purọ́; ohun tí ó mú wá ni ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà béèrè ìbéèrè.

Láti Marseille dé Nsukka àti Ìbàdàn

Édouard Heckel, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ṣiṣẹ́ ní Marseille, ni ó fún igi náà ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Garcinia kola, ní ọdún 1883. Obì ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí nígbà náà, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù ti ń wá obì fún oògùn àti ohun mímu. Orógbó wọ inú ìwé wọn bí ohun tí ó yẹ kí oníbàárà ṣọ́ra fún kí wọ́n má baà tà á fún un ní ipò obì. Ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín pé ojú ayédèrú ni wọ́n kọ́kọ́ fi wo ohun tí àwọn onílé ń fi bọ òrìṣà. Fún nǹkan bí 90 ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ohun púpọ̀ tí ó kún ìmọ̀ yìí ju àkọsílẹ̀ ìlò lọ. Ìwé Dalziel lórí àwọn ohun ọ̀gbìn tó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní ọdún 1937, jẹ́ àpẹẹrẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ kẹ́místírì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde lórí èròjà kan tí wọ́n yọ láti inú orógbó, tí wọ́n pè ní kolaflavanone. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti yí sí ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Maurice Iwu, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn láti ara ohun ọ̀gbìn ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, ṣe ìwádìí lórí àwọn èròjà flavonoid inú orógbó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1985 ó fi hàn pé àwọn èròjà wọ̀nyí lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ ẹranko tí a fún ní ohun olóró. Àpapọ̀ àwọn èròjà náà ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé orógbó ń pa oró wá rí ohun tí ó jọ ọ́ nínú ìwé ìwádìí. Kì í ṣe ohun kan náà pátápátá, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́.

Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ antioxidant ti fìdí múlẹ̀. Láti ọdún 2000, E. O. Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka báókẹ́místírì níbẹ̀ tẹ ọ̀wọ́ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé kolaviron ń dín ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ kù lára eku tí wọ́n fún ní onírúurú kẹ́míkà olóró. Ní ọdún 2002, wọ́n ṣàlàyé bí èròjà náà ṣe ń pa iná àwọn èròjà tí ń jẹ sẹ́ẹ̀lì run nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní àsìkò yìí náà ni ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì gíga sún mọ́ Ògèrè: ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà ní Ṣàgámù láti ọdún 1986, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Adventist tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlíṣàn ní ọdún 1959 sì di Yunifásítì Babcock ní ọdún 1999. Ọmọ Rẹ́mọ tí ó ń jẹ orógbó nílé lè gba ojú ọ̀nà kékeré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ láti yọ èròjà inú rẹ̀.

Ohun tí antioxidant jẹ́, àti ohun tí kò jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí nílò àlàyé tí olùkọ́ lè gbé wọ kíláásì. Ọ̀bẹ tí ó wà nínú ọ̀rinrin yóò dógùn-ún. Òróró tí ó pẹ́ jù yóò yí òórùn padà. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó wà nídìí méjèèjì. Nínú ara ènìyàn, ọ́síjìn tí a ń mí símú ni sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ oúnjẹ di agbára, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí àwọn èérún èròjà kan a máa ṣẹ́ kù tí ohun kan dín nínú wọn, tí wọ́n sì ń já ohun náà gbà lọ́wọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá pàdé. Bí wọ́n bá já a gbà lára ọ̀rá tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ọ̀rá náà yóò bàjẹ́, èyí tí ó bàjẹ́ yóò sì ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Antioxidant ni èròjà tí ó lè yọ̀ǹda ohun tí wọ́n ń wá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ di ajánigbà. Denham Harman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó gbé èrò kan jáde ní ọdún 1956 pé irú ìbàjẹ́ yìí ni ó ń fa ọjọ́ ogbó. Láti inú èrò yẹn ni ọjà ńlá ti hù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ti ṣìnà ni pé wọ́n ka antioxidant sí orúkọ ìwòsàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìwà kẹ́míkà ni, gẹ́gẹ́ bí kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ti jẹ́ ìwà kẹ́míkà. Ara fúnra rẹ̀ ní àwọn èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń lo díẹ̀ nínú àwọn ajánigbà náà láti fi pa kòkòrò àrùn. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù nípa èyí wá láti Finland. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní beta-carotene, antioxidant tí ó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, nínú ìdánwò tí 29,133 ènìyàn kópa nínú rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1994, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i pẹ̀lú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí ó gba beta-carotene ju àwọn tí kò gbà á lọ. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò ni ó sọ pé ó yẹ kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n pẹ̀lú kò ṣe é fojú fò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí kolaviron, wọ́n ń fún eku ní bí mílígíráàmù 200 fún kílógíráàmù ara kan. Bí a bá kàn sọ ọ́ di ti ènìyàn tí ó wọn kílógíráàmù 70, yóò jẹ́ gíráàmù 14 lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ oògùn kì í ṣírò rẹ̀ báyìí. Nítorí pé ara eku ń yára lo oògùn ju ti ènìyàn lọ, wọ́n a máa fi nǹkan bí 6 pín in, èyí tí yóò jẹ́ gíráàmù 2 ó lé díẹ̀. Síbẹ̀, gíráàmù 2 ti èròjà tí a ti yọ, tí a ti ṣẹ́, ni èyí. Kì í ṣe gíráàmù 2 ti orógbó tí a rún lẹ́nu. Irú èròjà flavonoid yìí kì í sì í rọrùn láti gba inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀; púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìfun àti ẹ̀dọ̀ máa ń yí padà kí ó tó dé ibi tí a rán an.

Láti 1999 sí 2014

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1999, níbi àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Iwu kéde pé èròjà kan láti inú orógbó dá fáírọ́ọ̀sì Ebola dúró nínú yàrá àyẹ̀wò. Ìròyìn náà gba ayé kan. Ohun tí ó sọ kò ju pé èròjà náà dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú àwo, àti pé ìrètí wà pé a lè fi ṣe oògùn lọ́jọ́ iwájú. Àwọn akọ̀ròyìn ni ó fi ọ̀rọ̀ ìwòsàn kún un. Iwu fúnra rẹ̀ wá di alága àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà láti ọdún 2005 sí 2010, orúkọ rẹ̀ sì di mímọ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò jẹ mọ́ orógbó.

Ọdún 15 kọjá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí ó kọ̀ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, 20 ènìyàn ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Àwọn tí ó gbé ní ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wọn. Ibùdókọ̀ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wà ní Ògèrè, ẹni tí ó jí ní Èkó lè jẹun òwúrọ̀ níbẹ̀.

Orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni ìròyìn ọdún 1999 ti tún jáde, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi í ránṣẹ́ kò sì wo ọdún tí a kọ ọ́. Orógbó wọ́n lójijì. Àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ń rún un kíkorò kíkorò, wọ́n ń kó o fún ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé kò sí ìpalára, nítorí pé orógbó kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n àhesọ kì í rin òun nìkan. Ní òru ọjọ́ 7 mọ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tàn kálẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá àti bàbá jí ọmọ wọn sílẹ̀ lóru. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi iyọ̀ pa ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 8 yìí kan náà ni àjọ náà kéde Ebola ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé.

Tí a bá fi èyí wé ọdún 1930, ìyàtọ̀ kan fara hàn tí kò yẹ kí òpìtàn gbójú fò. Nígbà Oshitelu, ẹlẹ́rìí kan ń bẹ tí àwọn ará ìlú mọ̀, tí ó dìde lójú wọn. Ní 2014, kò sí ẹnìkan tí Ebola mú tí orógbó wò sàn tí ó wá jẹ́rìí. Ọlá sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi rọ́pò ẹlẹ́rìí. “Wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀” ti tó, láìbéèrè pé inú àwo ni àbí ara eku, àbí ara ènìyàn. Èyí burú ju àìgbọ́ sáyẹ́ǹsì lọ, nítorí pé orúkọ sáyẹ́ǹsì ni ó gbà wọlé.

Ohun tí ó borí Ebola ní Nàìjíríà kò ní àràmàǹdà nínú. Wọ́n wá gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn, wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, wọ́n ya àwọn tí ara wọn kò dá sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ti oògùn, a ní láti dúró títí di ọdún 2018 àti 2019, nígbà tí wọ́n dán oríṣi mẹ́rin wò lára àwọn aláìsàn tí ó lé ní 600 ní ilẹ̀ Kóńgò. Méjì nínú wọn ni ó gbayì tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní ọdún 2020. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ṣẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ye Ebola ìlú Kikwit ní ọdún 1995. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kọ́kọ́ retí ohun rere lára wọn.

Àwọn ìgbà díẹ̀ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara ènìyàn

Kò tọ́ kí a sọ pé ẹnikẹ́ni kò dán orógbó wò lára ènìyàn rí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà eegun dán an wò lára àwọn tí oríkèé orúnkún ń dùn, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n kó ènìyàn 143 jọ, 84 ni ó bá a dé òpin. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan gba orógbó, àwọn kan gba oògùn òyìnbó oríṣi méjì tí ó yàtọ̀ síra, àwọn yòókù gba ohun tí kò ní oògùn kankan nínú. Orógbó dín ìrora kù ju ohun tí kò ní oògùn lọ, ṣùgbọ́n àkókò ìdánwò náà kúrú, iye ènìyàn kò sì pọ̀. Ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ojú ní Yunifásítì Èkó, tí Adebukola Adefule-Ositelu ṣáájú wọn, tẹ àbọ̀ ìdánwò ẹ̀kán ojú tí wọ́n fi orógbó ṣe jáde, èyí tí wọ́n fi wé oògùn timolol lára àwọn tí ó ní àrùn ojú glaucoma. Iṣẹ́ méjèèjì yìí, bí wọ́n tilẹ̀ kéré, ṣe iyebíye ju ogún ìwé mìíràn lórí eku lọ, nítorí pé ìfiwéra wà nínú wọn.

Ìwádìí lára ẹranko fúnra rẹ̀ kì í sọ ohun dídùn nìkan. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà kan tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2005 pé orógbó dí ẹyin lọ́wọ́ láti jáde dáadáa lára abo eku. Ìwé yìí kì í sí nínú ìpolówó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ilé tí ń wá ọmọ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìtàn maca ní Peru rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì yẹ fún ìfiwéra ní kíláásì. Àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Junín, tí ó ga ju mítà 4,000 lọ sórí òkun, ti ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ láti ayébáyé, wọ́n sì gbà pé ó ń ran ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn lọ́wọ́ láti bímọ. Gustavo Gonzales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lima ròyìn ní ọdún 2001 pé àtọ̀ àwọn ọkùnrin tí ó lò ó fún oṣù mẹ́rin dára sí i. Ọkùnrin 9 péré ni wọ́n. Testosterone, èròjà tí ó mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, kò sì yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ìwádìí nípa maca gẹ́gẹ́ bí antioxidant tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Ẹni tí ó ń ta ìyẹ̀fun náà ní Ṣàgámù tàbí ní Ìbàdàn lónìí kò ní sọ ti ọkùnrin 9 yìí fún oníbàárà.

Igi náà lónìí

Nígbà tí àrùn COVID-19 dé ní ọdún 2020, tí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì wá láti ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, orógbó tún jáde sórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú àtalẹ̀ àti aáyù. Ìdánwò ńlá tí yóò fi orógbó wé oògùn mìíràn fún irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò tẹ̀ lé ariwo náà. Ní ìdà kejì, igi tí ariwo náà dá lé ń dín kù. Wọ́n ń gé e fún pákò, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n ń wú gbòǹgbò rẹ̀, igbó tí ó ti ń hù sì ń di ilé àti ilé iṣẹ́. Láti ọdún 2004 ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí ààbò ohun ẹlẹ́mìí, IUCN, ti kọ Garcinia kola sínú àkójọ àwọn igi tí ewu ìparun ń dojú kọ. Orógbó tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan bá rì sílẹ̀ ní Ògèrè ní ọdún yìí lè má hù títí yóò fi kúrò ní kíláásì tí ó wà, ó sì lè ti di olùkọ́ fúnra rẹ̀ kí igi náà tó so.